Ọ̀rọ̀ Ọjọ́ Igi ní Kétu: báwo ni mo ṣe lè sọ ọ́ kó wọ ará ìlú létí?

Olùkọ́ Kétu:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Nàgó níbi gbogbo. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Kétu ní kí n wá bá ará ìlú sọ̀rọ̀ nípa igbó, omi àti ilẹ̀ wa ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, tí í ṣe Ọjọ́ Igi. Láti 1985 ni wọ́n ti ń ṣe ọjọ́ yìí káàkiri orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wa, èmi náà sì ti jókòó níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bó ṣe máa ń rí nìyí: wọ́n á to àga fún àwọn ẹni ńlá, wọ́n á sọ Faransé títí oòrùn á fi kan àtàrí, ará ìlú á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ri igi mọ́lẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò. Nígbà tí ọyẹ́ bá fi máa kásẹ̀ nílẹ̀, ewúrẹ́ ti jẹ díẹ̀, oòrùn ti pa ìyókù. Mo gbin márùn-ún bẹ́ẹ̀ rí lẹ́yìn kíláàsì mi. Kò ku ẹyọ kan. Títí dòní, bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá, inú mi kì í dùn.

N kò fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó bá ti dúró níwájú àgbẹ̀, ọlọ́jà, ọdẹ tàbí apẹja, tó rí i pé ọ̀rọ̀ òun wọlé, ẹ jọ̀ọ́, kó wá kọ́ mi. Kí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Kí ni kí n má ṣe fẹnu kàn rárá?

Ìyá Eléèédú (Ṣábẹ):

Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè kí o tó lọ. Èédú ni mo tà tí mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, nítorí náà, gbọ́ tèmi dáadáa.

Àjọ kan wá bá wa lọ́jọ́ kan, n kò ní dárúkọ wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó sọ̀rọ̀ ò tíì kí wa tán tó fi ní àwa la pa igbó. Ó ń fi àwòrán hàn wá lára ògiri: igi gbígbẹ, ilẹ̀ tó sán. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ tún ìró wọn ró, wọ́n sì dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe pé irọ́ ló pa. Ṣùgbọ́n ta ló máa jókòó ti ẹni tó ń fi iṣẹ́ oúnjẹ rẹ̀ bú u?

Ká ní ó bi wá ni, à bá sọ fún un. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, ẹsẹ̀ la fi ń lọ síbi tí wọ́n ti ń sun èédú, a ó sì padà kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Lónìí, alùpùpù ló ń lọ, owó epo rẹ̀ sì wà lórí àpò èédú kọ̀ọ̀kan. Igi àyìn ni èédú rẹ̀ dára jù, ó le, ó ń pẹ́ nínú àdògán. Òun ló kọ́kọ́ tán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bọ́ sí igi apá. Ìgbà tí mo wá rí i tí wọ́n ń gé igi òrí àti irúgbá mọ́ ọn, ọkàn mi bàjẹ́, torí òrí tí mo fi ń para àti irú tí mo fi ń sebẹ̀, ara àwọn igi yẹn ló ti ń wá. Ìyẹn ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Bi wọ́n pé: níbo lẹ ti ń ṣẹ́gi nígbà èwe yín? Kó o sì dákẹ́. Jẹ́ kí àgbà obìnrin kan dáhùn. Ọ̀rọ̀ tó bá tẹnu rẹ̀ jáde, kò sẹ́ni tó máa dìde kúrò níbẹ̀.

Ohun kejì, má lọ lọ́wọ́ òfo. Bí o bá ní kí wọ́n dín igi gígé kù, sọ ohun tí wọ́n á ṣe. Ẹni tó bá fi igi tútù sínú òkìtì èédú, púpọ̀ nínú igi náà ni yóò jóná dànù, torí iná ní láti kọ́kọ́ lé omi inú rẹ̀ jáde. Kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí wọ́n tò ó kó há, kí wọ́n fi koríko bò ó kí yẹ̀pẹ̀ tó gorí rẹ̀, kí wọ́n sì ṣọ́ ihò èéfín rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Igi kan náà á mú èédú tó pọ̀ sí i wá. Ọ̀rọ̀ owó nìyẹn, wọ́n á gbọ́. Fún àwọn tó ń rà á, sọ ti àdògán tí wọ́n fi amọ̀ tẹ́ inú rẹ̀: amọ̀ náà ń dá ooru dúró, èédú òòjọ́ á dín kù. Bí o bá rí ọ̀kan yá, gbé e dání, kó o dáná sí i lójú wọn.

Olùkọ́ Kétu:

Ẹ ṣeun gan-an, ìyá. Mo ti kọ ìbéèrè yẹn sílẹ̀ bí ẹ ṣe sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ òfin ńkọ́? Ṣé kí n má dá a sọ?

Ọmọ Ọdẹ (Ṣábẹ):

Dá a sọ, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó ṣíwájú. Òfin igbó wa ti wà láti oṣù keje 1993, kò sì sí agégi tí kò mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ igbó lè gba ayùn lọ́wọ́ òun. Ìbẹ̀rù nìkan kò tíì dá igi sí lójú mi. Bí ẹ̀ṣọ́ bá ti lọ sùn, ayùn á tún máa dún.

Iná ni mo fẹ́ kó o dúró lé lórí. Àwọn tó ń ti ìlú ńlá wá máa ń ní "ẹ má sun igbó", wọ́n á sì kọjá. Ará oko ò ní gbọ́ ìyẹn, torí ó mọ̀ pé láti ayé bàbá rẹ̀ ni igbó ti ń jó lọ́dọọdún. Ìgbà tí a sun ún ni ọ̀rọ̀ wà. Iná tí a bá ti bọ̀ ọ́ ní oṣù kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, nígbà tí ìdí koríko ṣì tutù, ìsàlẹ̀ ló ń rọra rìn. Á jẹ orí koríko, bí ìrì bá sẹ̀ lálẹ́, á kú fúnra rẹ̀. Ọmọ igi á yè é. Àmọ́ iná oṣù kìíní títí dé oṣù kẹta, tí gbogbo nǹkan ti gbẹ, tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ń tì í lẹ́yìn, òkè ló ń gùn. Ó ń jó òdòdó òrí lórí igi kó tó so. Ó ń wọ oko kajú. Gbogbo igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí láti inú ilẹ̀ ló ń pa, ìyẹn ni pé igbó ò ní rí àrólé.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi pàdánù oko kajú kan sí irú iná yẹn. Ẹnì kan ló ń wá òkété. Ọdún méje la fi tọ́jú oko náà, ọ̀sán kan ló gbà.

Àwọn ọdẹ Kétu mọ gbogbo èyí jù mí lọ. Lọ bá olórí wọn ṣáájú ọjọ́ náà, mú obì dání, ní kó rán ẹnì kan wá sọ̀rọ̀ iná, kí òun náà sì sọ bí wọ́n ṣe ń ro etí oko mọ́ yíká tí iná ò fi ní rí nǹkan jẹ kọjá. Ọ̀rọ̀ iná lẹ́nu ọdẹ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ iná lẹ́nu olùkọ́, má bínú.

Ọlọ́kọ̀ Ọ̀nà Ìlárá:

Àwọn Fúlàní ni kó o bá wí. Màlúù wọn ló ń jẹ gbogbo ohun tí ẹ bá gbìn.

Ọmọ Ọdẹ (Ṣábẹ):

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín. Òótọ́ ni pé ní ọ̀gbẹlẹ̀ wọ́n ń gun apá àti ọ̀gànwó, wọ́n ń gé ẹ̀ka rẹ̀ fún màlúù, igi tí wọ́n bá sì gé lórí lọ́dọọdún kì í so èso mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ lẹ́yìn wọn, kí ló máa yí padà? Olùkọ́, pè wọ́n. Wá ẹni tó gbọ́ èdè wọn, kó máa túmọ̀. Àwa ní Ṣábẹ, ọdún tí a jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà wọn láti fi ọ̀nà màlúù hàn wọ́n kí àgbẹ̀ tó gbin nǹkan sí i, ìjà dín kù lọ́dún náà. Ìgbà tí a ò jókòó, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí.

Ìyàwó Apẹja (Àjàṣẹ́):

Ẹ̀yin ará òkè odò, ẹ má gbàgbé wa nínú ọ̀rọ̀ yín. Nǹkan bíi kìlómítà 500 ni odò Wẹ̀mẹ̀ ń rìn. Ó wá láti ilẹ̀ òkè ní àríwá, ó kọjá lẹ́bàá Ṣábẹ, ó gba ìwọ̀ oòrùn Kétu, kó tó tú sínú adágún Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Yẹ̀pẹ̀ tí òjò bá gbá lórí ilẹ̀ tí kò nígi mọ́, ọ̀dọ̀ wa ló ń wá sùn. Àwọn ibì kan wà lórí ọ̀sà tí ọ̀pá ìtukọ̀ bàbá ọkọ mi kì í kan ìsàlẹ̀ láyé ọjọ́un. Ó ń kàn án báyìí, ó sì ń rì sínú ẹrẹ̀.

Bí omi bá kún ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, koríko eléwé yíyi tó ń tanná àlùkò á bo gbogbo ojú omi. Kì í ṣe ojú oró, kì í ṣe òṣíbàtà tí a bá láyé. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ọkọ̀ ò ní ráàyè kọjá, afẹ́fẹ́ ò ní dé ọ̀dọ̀ ẹja nísàlẹ̀. Omi iyọ̀ ló ń ká a lápá kò: ní ọ̀gbẹlẹ̀ tí omi òkun bá gba ẹnu odò Kùtọnu wọlé, á rà. Ìdọ̀tí ìlú àti ajílẹ̀ tí òjò ń wẹ̀ kúrò ní oko ló ń bọ́ ọ sanra.

Ní 2000 ni wọ́n kọ ìsàlẹ̀ àfonífojì Wẹ̀mẹ̀, ọ̀sà wa àti Nokoué sínú ìwé Ramsar, àdéhùn àgbáyé lórí ilẹ̀ olómi, èyí tí wọ́n ṣe ní 1971. Wọ́n sọ ọ́ fún wa nípàdé kan. A pàtẹ́wọ́. Wọn ò sọ ohun tó kàn wá nínú rẹ̀, a sì padà sílé. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ní kí bàbá ọkọ mi dìde, kó na ọ̀pá rẹ̀ sókè, kó fi hàn wá ibi tí omi ń dé lára rẹ̀ nígbà èwe rẹ̀ àti ibi tó ń dé lónìí, gbogbo wa ni ì bá lóye. Torí náà, olùkọ́, mú ohun tí wọ́n lè fọwọ́ kàn dání. Ọ̀pá, ẹ̀yin èédú, ìkòkò irú, ohunkóhun. Àwòrán ara ògiri kì í ṣe nǹkan kan lójú ẹni tí ohun náà ń ṣẹlẹ̀ sí.

Bí àwọn ọ̀dọ́ yín bá rówó ọkọ̀, ẹ kó wọn wá sí Àjàṣẹ́ kí wọ́n wo oko ẹ̀kọ́ Songhai. Bàbá Godfrey Nzamujo ló dá a sílẹ̀ ní 1985. Wọ́n á rí bí ìgbẹ́ ẹran ṣe ń di gáàsì ìdáná, tí ìyókù rẹ̀ sì ń di ajílẹ̀. Wákàtí kan níbẹ̀ ju ìpàdé mẹ́wàá lọ.

Ẹlẹ́fẹ̀ Kékeré (Kétu):

Ẹ̀gbọ́n olùkọ́, inú Kétu níbí lẹ wà, ẹ sì ń wá bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wọ ará ìlú létí! Kí ni Ẹ̀fẹ̀, akọrin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ń ṣe láti òru mọ́jú bí kò ṣe ìyẹn? Ẹ̀fẹ̀ á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá wa, á tọrọ àyè, lẹ́yìn náà ló máa wá tú gbogbo ohun tó ń bà ìlú jẹ́ síta, èèyàn ò sì ní kúrò lójú agbo. Ní 2001 ni UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ìṣúra gbogbo ayé, àti tiwa ní Bẹ̀nẹ̀, àti ti Nàìjíríà, àti ti Tógò.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ má fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe ohun tí wọ́n fi ń dá èèyàn lára yá kí ọ̀rọ̀ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ìyẹn rí: Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jó ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú oòrùn, wọ́n ní kó dúró, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé. Ẹ lọ bá àwọn àgbà Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní oṣù méjì ṣáájú. Ẹ má kọ orin fún wọn. Ẹ kàn sọ òótọ́ ibẹ̀ fún wọn, ti igi àyìn tí ìyá wí, ti ọ̀pá ìtukọ̀ yẹn, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀. Orin tí wọ́n bá ṣe, àwọn ọmọdé á máa kọ ọ́ lójú odò títí ọdún á fi yípo.

Bàbá Àlàájì (Kétu):

Mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi dára, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ pọ̀ nílùú yìí, àwọn mìíràn ò ní wá bí wọ́n bá gbọ́ pé agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ojú kan. Bá lèmọ́mù sọ̀rọ̀ kó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ sílẹ̀ fún ọ. Bá àwọn ṣọ́ọ̀ṣì náà sọ ọ́. Kì í ṣe ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà nìkan lẹ ní.

Ẹlẹ́fẹ̀ Kékeré (Kétu):

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, mo gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: igbó orò àti igbó òrìṣà tí àwọn baba wa ní ká má wọ̀ wà lára ibi díẹ̀ tí igi ńlá ṣì kù sí. Nígbà tí wọ́n ka irú igbó bẹ́ẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1990, 2,940 ni wọ́n kà, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ò sì ju 18,360 hẹ́kítà lọ. Ní 2012 ìjọba kọ ìwé àṣẹ tó fún wọn ní ààbò. Ẹni tí kì í bọ ohun tó wà nínú igbó náà ṣì ń jẹ àǹfààní òjìji rẹ̀.

Bàbá Àlàájì (Kétu):

Ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Igbó tó wà lẹ́yìn ilé wa, baba mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa fọwọ́ kan igi rẹ̀, mùsùlùmí ni baba mi o.

Agbingi (Pobẹ):

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọwọ́, torí igi márùn-ún olùkọ́ tó kú yẹn ń dùn mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé wọ́n gbìn ín pẹ̀lú ọ̀rá tó wà nídìí rẹ̀. Ẹ ya ọ̀rá náà kúrò! Gbòǹgbò tó bá ń yí po nínú ọ̀rá, ọgbẹlẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa pa á. Kí ihò fẹ̀ kó sì jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ya ilẹ̀ dúdú òkè sọ́tọ̀, òun ni kó kọ́kọ́ padà sísàlẹ̀. Fi ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún yí i ká nítorí ewúrẹ́, ní ọjọ́ náà gan-an.

Ẹ má gbin ìrókò pọ̀ sójú kan. Kòkòrò kan wà tó ń sọ ewé rẹ̀ di wúruwùru, bí ìrókò bá sì pọ̀ níbì kan náà, bó ṣe ń fò láti orí èyí sí orí ìyẹn nìyẹn. Gbin ọ̀kan síbí, gbin ọ̀kan sọ́hùn-ún, fi igi mìíràn sáàárín. Tíìkì ń yára, owó ni, n kò bá a jà, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ òun nìkan.

Pàtàkì jù: igi tó bá jẹ́ ti gbogbo ìlú kì í lólómi. Kọ orúkọ ọmọ kan sára pákó, fi síbi igi kan, kí ilé ọmọ náà máa bu omi sí i láti oṣù kọkànlá títí òjò á fi rọ̀. Ọdún méjì péré ni.

Ìyá Ẹlẹ́kọ (Kétu):

Ẹ sọ ti ọ̀rá náà. Wọ́n ti fi òfin kà á léèwọ̀ ní oṣù kejìlá 2017, ó ṣì kún ojú gọ́tà, bí òjò bá rọ̀ omi á wọlé. Ewé tíìkì àti ewé gbódògi ni mo fi ń pọ́n ẹ̀kọ mi, oníbàárà ò sì dín. Àmọ́ ewé gbódògi, inú igbó tútù ló ń hù. Níbi tí igbó bá tán sí, ewé náà tán síbẹ̀. Sọ ìyẹn fún àwọn ọlọ́jà bíi tèmi. Má sì ṣe ìpàdé rẹ lọ́jọ́ ọjà, a ò ní wá.

Olùkọ́ Kétu:

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ gbà mí nímọ̀ràn. A ti ṣe é. Ìrọ̀lẹ́ la fi sí, lábẹ́ igi ọdán, kò sí àga ẹni ńlá. Èdè wa la sọ, ẹnì kan túmọ̀ sí Fọn, ẹnì kan sí Fúlàní.

Mo na ẹ̀yin èédú kan sókè, mo bi wọ́n léèrè bí Ìyá Eléèédú ṣe kọ́ mi, mo sì dákẹ́. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, àyà mi já. Ìyá àgbà kan wá nawọ́ sí ibi tí ilé epo wà nísinsìnyí, ó ní: "Ibẹ̀ ni." Ó ní ìyá òun kì í jẹ́ kí òun dá débẹ̀ nítorí igbó rẹ̀ ṣú jù. Àwọn ọmọdé yíjú wo ilé epo náà. N kò tún ní láti ṣàlàyé púpọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọdẹ sọ ti iná, ìjókòó náà dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá Fúlàní kan ní òun máa mú àwọn ọmọ òun wá kí wọ́n rí ibi tí a gbin igi sí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń sun èédú dìde, ó bi mí: "Bí n kò bá gé e, kí ni mo máa jẹ lọ́la?" Mo sọ ti igi gbígbẹ àti òkìtì tó há. Ó ní òun máa gbìyànjú rẹ̀ wò. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò tó o, kò sì tó èmi náà. Mo ti ní kó wá bá mi nílé ká jọ ronú sí i.

Ọgọ́ta igi la gbìn, ọgọ́ta ọmọ ló lórúkọ níbẹ̀, a ya ọ̀rá kúrò nídìí gbogbo rẹ̀. Àwọn Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní kí a dúró di ìgbà tiwọn, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ohun kan ló kù: irúgbá ni àwọn obìnrin ń béèrè jù lọ, ìrókò àti tíìkì nìkan la sì rí. Ta ló ní hóró irúgbá?

Ìyá Eléèédú (Ṣábẹ):

Mo ní. Màá fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń bọ̀ lọ́nà Kétu lọ́jọ́ ọjà yín. Èèpo rẹ̀ le, ọmọ mi: gbé omi kaná kó hó, gbé e sọ̀ kalẹ̀, da hóró náà sínú rẹ̀ kó sùn mọ́jú, èyí tó bá wú ni kó o gbìn.